Àánú àti Ìbákẹ́dùn: Ọgbọ́n Ìyàwòrán nínú Fíìmù Ìṣẹ̀lẹ̀ Gidi lórí Àwọn Ẹni-Àpatì

Láti ọdún 1947 títí di ọdún 1954, Fádà Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì, ṣe àbójútó ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Aréògún, wá láti Òsì-Ìlọrin láti gbẹ́ igi níbẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ wá láti Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì fi orí balẹ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Àwọn àlùfáà mú ìtàn inú Bíbélì wá, àwọn agbẹ́gilére sì mú àáké àti ọ̀bẹ wọn wá. Ìtàn àlejò ni wọ́n ń gbẹ́, ṣùgbọ́n adé onílẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi dé orí àwọn ọba tí ó wá kí Jésù ní ọmọ-ọwọ́. Wọn kò sì gbàgbé òfin iṣẹ́ tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn baba wọn: ẹni tí ó bá ṣe pàtàkì ni ère rẹ̀ ń tóbi, ìránṣẹ́ a máa kéré, kódà bí ó bá ga ju ọ̀gá rẹ̀ lọ lójú ayé. Ará ìlú tí ó bá dúró níwájú ìlẹ̀kùn ààfin mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ẹni tí ó yẹ kí òun bẹ̀rù, ẹni tí òun lè fi ṣẹ̀rín, àti ẹni tí kò yẹ kí òun tilẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ìlú Ọ̀yẹ́ kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ sí ní ọdún 2011, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tíátà àti iṣẹ́ ìgbéròyìnjáde sì wà níbẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń lo kámẹ́rà. Kámẹ́rà náà ní òfin títóbi àti kíkéré tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òfin ti kámẹ́rà fara pamọ́. Ẹni tí ó wo ère mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ ẹ. Ẹni tí ó wo fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi, èyí tí kò lo òṣèré, tí ó ń ya àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n gbé ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn, a máa gbà pé ojú ara òun ni òun fi rí ohun gbogbo. Kò ní í rántí pé ẹnìkan ni ó yan ibi tí kámẹ́rà dúró sí, pé ẹnìkan ni ó gé wákàtí mẹ́wàá kù sí ìṣẹ́jú kan, pé ẹnìkan ni ó fi orin sí abẹ́ ẹkún.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún lámèyítọ́ tí ó bá fẹ́ wádìí irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣàánú ènìyàn, ibi tí ó wà náà ni yóò dúró sí. Láti òkè ni àánú ti ń sọ̀ kalẹ̀, bí ti Ọlọ́run sí ẹ̀dá, bí ti olówó sí alágbe. Ẹni tí ó bá ènìyàn kẹ́dùn ní tirẹ̀ ti jókòó tì í lórí ẹní kan náà. ‘Bá’ tí ó wà nínú gbólóhùn náà kò gbà á láyè láti dúró lókèèrè. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó tọ́ láti bi fíìmù tí ó dá lórí àwọn ẹni-àpatì kì í ṣe bóyá ó mú kí òǹwòran káàánú. Èyí kò ṣòro. Ọmọ kékeré tí ń sunkún lẹ́bàá ọ̀nà lè ṣe é láìní kámẹ́rà. Ìbéèrè náà ni ibi tí fíìmù gbé òǹwòran dúró sí: ṣé lókè ni, ṣé lórí ẹní ni?

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1935, Arthur Elton àti Edgar Anstey ṣe fíìmù kúkúrú kan tí wọ́n pè ní Housing Problems ní àdúgbò Stepney ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé kámẹ́rà wọ inú ilé àwọn tálákà, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n kọjú sí i kí wọ́n sọ ohun tí ojú wọn ń rí lọ́wọ́ eku àti ilé tí ń já lulẹ̀. Ohun tuntun gbáà ni èyí jẹ́ nígbà náà, pé kí ẹni tí ìyà ń jẹ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n owó àwọn ilé iṣẹ́ gáàsì ni wọ́n fi ṣe fíìmù náà, ilé tuntun tí a ó kọ́, tí a ó sì fi gáàsì sí, ni ó sì fi ṣe òpin ìtàn. Ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀n-ún, lóòótọ́. Ẹlòmíràn ni ó yan ìgbà tí oníkàn yóò dákẹ́. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn rẹ̀, ní 1949, ni Daybreak in Udi jáde, èyí tí Terry Bishop darí ní ilẹ̀ Ìgbò lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Àwọn ará abúlé ni wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí, àwọn ni wọ́n ru òkúta, ọ̀gá òyìnbó agbègbè náà sì ni ìtàn ń yí ká. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn Oscar ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1950. Bí agbẹ́gilére láti Òsì bá wò ó, kò ní í pẹ́ kí ó tó mọ ẹni tí ère rẹ̀ tóbi jù.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2010 ni BBC Two fi Welcome to Lagos hàn ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gavin Searle ni ó darí rẹ̀, ilé iṣẹ́ Keo Films ni ó ṣe é, David Harewood tí í ṣe òṣèré aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ń sọ ìtàn lábẹ́ àwòrán. Apá kìíní dá lórí àwọn tí ń ṣa nǹkan lórí ààtàn Olúṣòsùn ní Òjótà. Apá kejì gba orí omi lọ sí Mákòkó. Apá kẹta wà ní etí òkun Kúrámọ̀. Kò sí fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi lórí ilẹ̀ Yorùbá tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ tó o, kò sì sí èyí tí ó yẹ fún àyẹ̀wò ọgbọ́n ìyàwòrán jù ú lọ.

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣe dáradára, nítorí àwọn tí ó bínú sí i kì í fẹ́ sọ ọ́. Ṣáájú rẹ̀, bí tẹlifíṣọ̀n bá fẹ́ fi ààtàn Èkó hàn, láti òkèèrè ni yóò ti yà á: èéfín, ẹyẹ, àti àwọn ènìyàn tí wọ́n kéré bí èèrà. Fíìmù yìí wọ inú ààtàn lọ. Ó fi hàn pé iṣẹ́ ni iṣẹ́ náà. Pé ẹni tí ń ṣa irin kì í ṣe ẹni tí ń ṣa ike. Pé òṣùwọ̀n wà níbẹ̀, oníbàárà wà, gbèsè wà, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó lè fọkàn tánni sì ń ka jù owó lọ nígbà mìíràn. Ó tẹ̀lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣa ìdọ̀tí lọ́sàn-án, tí ó sì fẹ́ di olórin; ó tẹ̀lé baálé ilé kan tí ó fi ohun tí ó rí lórí ààtàn ṣe iyàrá rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ fún ìyàwó àti ọmọ. Kámẹ́rà sún mọ́ ojú wọn pẹ́kípẹ́kí, ó sì dúró níbẹ̀ títí òǹwòran fi mọ̀ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ojú lọ̀rọ̀ wà, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Ẹni tí a bá ti rí ojú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ṣòro láti tún pè é ní ìdọ̀tí.

Ṣùgbọ́n bí àwòrán ti ń fa òǹwòran sún mọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń fà á sẹ́yìn. Ohùn asọ̀tàn inú fíìmù náà kò ní ojú. Ó mọ ohun gbogbo, kò béèrè nǹkankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun ni ó ń ṣe ìṣirò iye tí ènìyàn ń pa lójúmọ́, òun ni ó sì ń sọ fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ibi tí ó yẹ kí ẹnu ti yà wọ́n. Nínú àlọ́ Yorùbá, àárín àwọn ọmọdé ni apàlọ́ ń jókòó sí. Wọ́n lè dá a lóhùn, wọ́n lè gbe orin, wọ́n tilẹ̀ lè já a ní irọ́. Ta ni yóò já asọ̀tàn tẹlifíṣọ̀n ní irọ́? Ẹni tí ìtàn rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ kò sí nínú iyàrá tí a ti gba ohùn náà sílẹ̀. Yóò sọ gbólóhùn méjì ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Èkó, ohùn náà yóò sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, yóò túmọ̀ ìgbé ayé rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí le jù ní Mákòkó. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbé orí omi níbẹ̀ jẹ́ Ègùn, apẹja tí àwọn baba wọn tọ ọ̀sà wá láti ìhà Àgbádárìgì àti ilẹ̀ Benin láti ìgbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti ń parí lọ. Àwọn Yorùbá ní òwe kan: àgbọ́ọ̀gbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Òwe náà dára fún ẹni tí ń wádìí fíìmù, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó gbàgbé pé òwe náà fúnra rẹ̀ fi ojú tí àwọn Yorùbá ti ń wo Ègùn hàn, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ tán. Ìpatì méjì ni ó wà lórí ará Mákòkó: ìjọba pa á tì nítorí ibi tí ó ń gbé, aládùúgbò rẹ̀ sì pa á tì nítorí ohun tí ó ń sọ. Fíìmù BBC fi ìpatì kìíní hàn. Ti èkejì kò kàn án, nítorí lójú àlejò, ọmọ Èkó kan náà ni gbogbo wọn.

Ọ̀nà kejì tí fíìmù náà fi darí ọkàn òǹwòran ni yíyan ẹni tí yóò tẹ̀lé. Ẹni tí ó ní ìrètí ni ó yàn, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn, ẹni tí ó lè fi ìyà ṣẹ̀fẹ̀: olórin orí ààtàn, bàbá ọlọ́mọ púpọ̀ ní Mákòkó. Àwọn òǹwòran ní Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn wọn gidigidi. Èyí ni ó sì yẹ kí lámèyítọ́ dúró wò dáadáa. Ìfẹ́ tí wọ́n fẹ́ wọn jẹ́ owó iṣẹ́ ẹ̀rín tí wọ́n rín. Níbo ni ẹni tí inú ń bí wà? Níbo ni ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, tí kò ní ọ̀rọ̀ ìwúrí kankan láti sọ fún kámẹ́rà? Níbo ni ọ̀lẹ wà, nítorí ọ̀lẹ kò ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọlọ́rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó ní kí wọ́n kó ẹrù wọn kúrò nílé nítorí rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé aláyọ̀ àti òṣìṣẹ́ takuntakun nìkan ni fíìmù kọ́ ènìyàn láti ṣàánú, ó ti fi òfin kan lé tálákà lórí tí kò fi lé ẹlòmíràn. Ó ti sọ fún un pé kí ó máa rẹ́rìn-ín kí a tó lè kà á sí ènìyàn.

Ohun kẹta jẹ mọ́ ohun tí kò sí nínú àwòrán. Ta ni ó ni ilẹ̀ tí ààtàn wà? Ta ni ó ń ra irin tí wọ́n ṣà, èló ni ó sì ń tà á nígbà tí ó bá dé ilé iṣẹ́? Ìdí wo ni omi ẹ̀rọ fi dé Ìkòyí tí kò dé Mákòkó? Fíìmù náà kò fi ìbéèrè nípa ẹni tí ó ni ilẹ̀ àti omi ṣe òpó ìtàn rẹ̀. Ọgbọ́n bí ènìyàn ṣe ń rí jẹ ni òpó náà, ọgbọ́n yìí sì pọ̀ lóòótọ́, ó sì dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọgbọ́n ìjàdù nìkan han òǹwòran, tí a kò fi ẹni tí ó jù wọ́n sínú ìjàdù hàn, yóò rò pé bí òjò ṣe ń rọ̀ ni òṣì náà ṣe rọ̀ lé wọn lórí.

Ariwo tí ó tẹ̀lé fíìmù náà kò kéré. Wọlé Ṣóyínká sọ fún ìwé ìròyìn The Guardian ti Lọ́ńdọ̀nù pé ojú àbùkù ni ó fi wo àwọn ènìyàn, pé apá kan ṣoṣo ni ó rí nínú ìlú tí ó gbòòrò. Aṣojú Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀hónú hàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tí Babátúndé Fáṣọlá jẹ́ gómìnà rẹ̀ nígbà náà, kọ̀wé sí BBC. BBC dáhùn pé ìforítì àti ọgbọ́n inú àwọn ará Èkó ni àwọn fi hàn.

Ẹ̀hónú Ṣóyínká àti ti ìjọba kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni àwọn ìwé ìròyìn ń kó wọn pọ̀. Ṣóyínká ń sọ nípa ibi tí a gbé òǹwòran dúró sí, ó sì tọ̀nà lórí èyí: ẹnu tí ó ń ya àlejò pé ẹni tí ń gbé orí ààtàn lè ronú, ẹnu àbùkù ni. Ti ìjọba yàtọ̀. Ìtìjú ni ó ń bá ìjọba jà. Àfojúdi ni kí àlejò máa na ìka sí ààtàn onílé, kò sí ẹni tí yóò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n onílé ni ó da ààtàn náà síbẹ̀. Ẹni tí ó ní kí BBC lọ ya afárá àti ilé gogoro dípò Olúṣòsùn ti tún lé àwọn akólẹ̀kódọ̀tí kúrò nínú àwòrán lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fi orúkọ Nàìjíríà bo ìlékúrò náà. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ohùn àwọn tí ń gbé orí ààtàn ni ó kéré jù.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìdánwò dé. Ní oṣù keje ọdún 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún apá kan Mákòkó ní wákàtí méjìléláàádọ́rin láti kó kúrò, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé orí omi. Ọ̀kan nínú àwọn olórí àdúgbò náà bá ìbọn ọlọ́pàá lọ kí iṣẹ́ náà tó dáwọ́ dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, òkun ya bo Kúrámọ̀ lóru, ó gbé ènìyàn lọ, ìjọba sì lé ìyókù kúrò ní etíkun. Kì í ṣe pé ó yẹ kí a di ẹ̀bi yìí ru àwọn tí ó ṣe fíìmù. Ní oṣù keje ọdún 1990, nígbà ìjọba ológun Rájí Ràsákì, wọ́n wó Máròkó, nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn sì di aláìnílé, láìsí fíìmù kankan tí ó mú kí òkèèrè fẹ́ràn wọn ṣáájú. Ohun tí ó hàn kedere ni pé ìfẹ́ tí ọ̀kẹ́ àìmọye òǹwòran ní sí àwọn ará Mákòkó lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 2010 kò ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi rìn dé Mákòkó ní 2012. Fíìmù náà kò sọ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n bínú sí fún wọn, wọn kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni.

Fi èyí wé Fuelling Poverty tí Ishaya Bako ṣe ní ọdún 2012 lórí owó ìrànwọ́ orí epo, nínú èyí tí Ṣóyínká kan náà ti sọ̀rọ̀. Fíìmù nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Àwọn òtòṣì wà nínú rẹ̀ bí wọ́n ti wà nínú ti BBC, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ojú òtòṣì kọ̀ọ̀kan ni fíìmù náà ń béèrè ọ̀nà tí owó gbà lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013 ni àjọ tí ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà fòfin dè é, wọ́n ní ó lè dá rúkèrúdò sílẹ̀. Lẹ́tà lásán ni ìjọba kọ sí fíìmù tí ó mú kí ènìyàn káàánú; èyí tí ó béèrè ẹni tí ó fà á ni wọ́n fi òfin mú. Àwọn tí ń ṣe ìjọba mọ ìyàtọ̀ àánú àti ìbákẹ́dùn ju ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ lọ.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí náà ti gbé kámẹ́rà sí àwọn ẹni-àpatì Èkó lẹ́yìn náà. Fẹ́mi Ọdúgbẹ̀mí ṣe Makoko: Futures Afloat ní ọdún 2016, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wọ inú ìtàn àdúgbò náà, ọdún yẹn gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ orí omi tí Kúnlé Adéyẹmí yà, tí gbogbo ayé ń ya àwòrán rẹ̀, wó sínú ọ̀sà. Ní 2019 ni Awon Boyz ti Tolúlọpẹ́ Itegboje jáde lórí àwọn ọmọ ìta. Ọgbọ́n fíìmù yìí rọrùn púpọ̀, ó sì ṣòro láti ṣe: ó jẹ́ kí àwọn ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Ọmọ ìta ni ẹni tí ará Èkó ń bẹ̀rù jù ní ibùdókọ̀, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ ariwo rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìtàn rẹ̀. Nígbà tí ó bá jókòó, tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, ìjókòó yẹn nìkan ti tó láti yí ọ̀rọ̀ padà, nítorí ní òró ni gbogbo ènìyàn ti máa ń rí i. Àbùkù fíìmù náà ni pé ó gbà wọ́n gbọ́ jù. Ẹni tí ọmọ ìta ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀, ìbákẹ́dùn tí kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí a ṣẹ̀ súnmọ́ àwáwí.

Iṣẹ́ tí ó yí ibi tí kámẹ́rà dúró padà pátápátá kì í ṣe fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni ó bí i. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2016 sí oṣù kẹrin ọdún 2017 ni wọ́n lé àwọn ará Otodo Gbame, tí púpọ̀ wọn jẹ́ Ègùn, kúrò ní etí ọ̀sà ní ìhà Lẹ́kí, pẹ̀lú iná àti ìbọn. Ní ọdún 2024, àwùjọ kan tí ń jẹ́ Àgbájọwọ́, tí àwọn ará irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn olùdarí rẹ̀, gbé The Legend of the Vagabond Queen of Lagos lọ sí àjọ̀dún fíìmù ní Toronto. Òwe àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi sọ ara wọn lórúkọ. Obìnrin Ègùn, abiyamọ, ni ìtàn náà ń tẹ̀lé. Àwọn tí ó ṣe eré nínú rẹ̀ mọ bí ilé ṣe ń wó. Wọn kò wá ìrẹ́rìn-ín láti fi ra àánú ẹnikẹ́ni. Obìnrin tí ó jẹ́ orí ìtàn tilẹ̀ rí owó tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì fi pamọ́, fíìmù náà kò sì bẹ òǹwòran kí ó dárí jì í. Ó yani lẹ́nu pé eré àròsọ ni ó kọ́kọ́ fún ará etí ọ̀sà ní ẹ̀tọ́ láti ní àléébù, èyí tí àwọn fíìmù tí ń pe ara wọn ní òótọ́ ti fi dù ú.

Kò sí ọ̀sà ní Òsì-Èkìtì, kò sì sí Olúṣòsùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn Ìgbìrà ti ń wá láti ìhà Òkèné ṣe àgbàṣe ní oko Ìkọ̀lé, ní Ìpaò àti Òkè-Àkọ́, ní Ìrèlé, títí dé ẹ̀bá Ọ̀yẹ́. Àwọn ni wọ́n ń kọ ebè, inú ahéré ni wọ́n sì ń sùn. Bí ọdún ìjẹṣu bá dé, tí odó bá ń dún káàkiri ìlú, àwọn ará Èkìtì a máa fi iyán yangàn, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Orúkọ ẹni tí ó kọ ebè kì í sí nínú oríkì iyán. Kámẹ́rà tí ó bá wá láti Èkó yóò ya iyán àti odó. Èyí tí ó bá wá láti Lọ́ńdọ̀nù yóò ya òógùn ojú Ìgbìrà, yóò sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ohùn kan yóò sì sọ iye ebè tí ó ń kọ lójúmọ́, ẹnu yóò ya òǹwòran.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé kámẹ́rà jáde láti Ọ̀yẹ́ lọ sí irú oko bẹ́ẹ̀ ní ànfààní tí Searle kò ní, ó sì ní ìṣòro tí Searle kò ní. Ó gbọ́ Yorùbá tí alágbàṣe náà ń sọ, àti ìró Èkìtì tí ó ti wọ inú rẹ̀. Ó lè pinnu bóyá òun yóò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àwòrán bí ó ti sọ ọ́, tàbí òun yóò tún un ṣe kí ó lè dà bí ti ìwé, tàbí òun yóò jẹ́ kí ó sọ èdè Ìgbìrà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí òun náà sì di ẹni tí ó ń wá ògbufọ̀. Ó lè yan láti dúró di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń ka ebè, kí ó sì gbé kámẹ́rà sí ibi tí ọwọ́ tí ń gba owó àti ọwọ́ tí ń san án yóò ti jọ hàn. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ tí ń ka owó náà jẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀.